Ọwọ́ Àràmọ́tù Awẹ̀kú

Kò sí ọlọ́pàá kan ní kọmisáríà tó gbà láti di ọwọ́ obìnrin náà mú kó lè tẹ̀ka sórí ìwé. Ọ̀kan ní òun ò tíì jẹun. Èkejì ní bírò òun ti tán, bẹ́ẹ̀ bírò kọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ka. Àwọn ọkùnrin tó ń gbé ìbọn kiri ìgboro fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń wo arúgbó kan ṣoṣo tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Láti orí èékánná títí dé ọrùn ọwọ́, dúdú ni ọwọ́ náà. Kì í ṣe dúdú ti awọ, kì í sì í ṣe dúdú èédú tí omi ń ṣí kúrò. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń dán díẹ̀. Lókè ibi tó parí sí, awọ Àràmọ́tù mọ́ rekete, àfi bí ẹni pé wọ́n yọ ọwọ́ ẹlòmíràn wá so mọ́ ọn lápá.

Dúródọlá fa àga sún mọ́ ọn. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ìdí àtẹ ẹja gbígbẹ ìyá rẹ̀ ló sì ti kọ́ pé ojú a máa tan ènìyàn jẹ, imú kì í sábà tan ni. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Parakou. Lẹ́yìn rẹ̀, Ajá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó mọ̀, kò sì bínú, torí ajá ló ń mú ẹran wálé.

"Màámà, ẹ jẹ́ n gbóòórùn ọwọ́ yín."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́, ọmọ mi?"

"Ó ń bà mí. Ẹ mú un wá."

Ó gbé ọwọ́ tútù náà sí imú. Ó gbóòórùn ọṣẹ dúdú, ó gbóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, gbogbo ohun tí arúgbó ti fi fọ̀ ọ́ láti àná. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí òórùn kankan. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ kọ Dúródọlá lóminú, torí kò sí ohun tó ń pa ènìyàn láró tí kì í ní òórùn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòroó sọ, ó kàn ṣòroó gbọ́ ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Àràmọ́tù ti ń wẹ òkú obìnrin ní àdúgbò Ladjifarani. Láàárọ̀ Alámísì, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ilé Àlájà Hùdá, àgbà oníṣòwò aṣọ kan tí wọ́n ní ó sùn tí kò jí. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi aṣọ funfun dì í, wọ́n sì sin ín lẹ́yìn ìrun àìlà. Nígbà tó fi di àlàásárì, ọwọ́ awẹ̀kú ti ń pọ́n. Ní ìdájí Jímọ̀, ó ti dúdú. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àdúgbò ti rí àlàyé ṣe: òkú ti mú ọwọ́ tó pa á. Wọ́n sọ òkúta sórí páànù ilé rẹ̀ títí ọlọ́pàá fi lọ gbé e.

Lónìí Sátidé, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, àwọn àgbà yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Tí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi, Àràmọ́tù yóò kó kúrò nínú ilé tó ti gbé fún ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni ò sì ní ṣílẹ̀kùn fún un mọ́ ní Ladjifarani.

"Kí lẹ rí lára òkú náà, Màámà?"

Ojú arúgbó pa dé bí ìlẹ̀kùn. "Ohun tí awẹ̀kú bá rí, kì í sọ."

"Ṣé nǹkan wà níbẹ̀ ni?"

"Mo ní a kì í sọ." Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wá já. "Àbí mo ṣẹ̀ ẹ́? Mo ti wẹ ìyá tó bí mi, mo wẹ ọmọ tí mo bí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dì mí lọ́wọ́ mú rí."

Àánú rẹ̀ ṣe Dúródọlá. Ohun tó dùn ún jù ni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti ń gbà wọ́n gbọ́.

*

Ní ilé Àlájà Hùdá, yàrá kékeré kan lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ti wẹ òkú. Omi ìwẹ̀ gba ihò ìsàlẹ̀ ògiri jáde sí àgbàlá. Láti ẹnu ihò náà, ilà dúdú kan là á já lórí ilẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì dorí kọ ẹnu géètì. Àwọn ará ilé ti da eérú yí i ká. Kò sẹ́ni tó ń sọdá rẹ̀.

"Ibi tó gbà jáde nìyẹn," ni Ìkírámátù wí, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé bí. Ó fi ìborùn bo ìdajì ojú. "Nígbà tí a wẹ̀ ẹ́ tán, kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti ìtẹ́ òkú dé, ó ti wà nílẹ̀."

Dúródọlá lóṣòó ti ilà náà. Pákó kan dábùú ilà náà, èyí tí àwọn tó ń ṣe àlùwàlá gbé bùtà lé láti Alámísì. Ó gbé pákó náà kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, ilà já. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dúdú rárá, ó kàn ṣe funfun díẹ̀ ni. Ní òdì kejì pákó, dúdú tún bẹ̀rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

"Òkú tó ń rìn kò yẹ kó máa fo pákó," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó fi pákó sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ní kí wọ́n bá òun pe Sàlmà.

Sàlmà ni ó máa ń bá Àràmọ́tù da omi. Obìnrin tíńrín ni, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ìdí rẹ̀ ò kan ilẹ̀.

"Ta ló wà nínú yàrá?"

"Èmi àti Màámà. Èmi dúró lẹ́yìn aṣọ tí a ta, mò ń na omi sí wọn. N ò rí òkú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ṣé Màámà ò lé làálì?"

"Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, làálì ò kan ọwọ́ wọn."

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

Sàlmà sáré fa ẹsẹ̀ sábẹ́ ìró. Ó ti pẹ́ jù. Dúródọlá ti rí àwọn àmì dúdú kéékèèké lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ọbẹ̀ ta síni lára. Obìnrin náà bú sẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn! Wọ́n á ní èmi náà wà níbẹ̀."

"Ṣé ìwọ náà pa Àlájà ni?"

"Èmi kẹ̀! Wàláì!"

"Ó dáa. Òkú tó fẹ́ mú ènìyàn kì í mú un ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Omi ló ta sí ọ. Omi wo?"

Sàlmà nu imú. Ó ka omi mẹ́ta: tàkọ́kọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, èkejì láti fi ṣan án, ẹ̀kẹta èyí tí wọ́n ń pò káfúrà mọ́, kí ara òkú lè máa ta sánsán lọ sí ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Tẹ̀yìn yìí ló ta sí i lẹ́sẹ̀. Àràmọ́tù ti bọ ọwọ́ méjèèjì sínú abọ́, ó ń pò ó títí káfúrà fi yọ́.

"Ó yọ́?"

"Bí iyọ̀. Omi wá funfun bí omi ògì."

"Ó ta sánsán?"

Sàlmà gbé ojú sókè. "Kò rùn," ó wí jẹ́jẹ́. "Kò rùn rárá. Màámà ní bóyá òfìnkìn ló dí imú òun."

Dúródọlá dìde. Káfúrà kì í yọ́ bí iyọ̀, orí omi ló máa ń léfòó sí. Èyí tí kò bá sì rùn, kí ló kù tí a fi ń pè é ní káfúrà?

"Ta ló gbé e fún ọ?"

"Mùjàhídì, ọkọ Ìkírámátù. Ó ní òun rà á lọ́jà. Bébà tó dì í sí ṣì wà níhò ògiri, ibẹ̀ ni mo ki í bọ̀."

Dúródọlá fi ọ̀rá fà á yọ. Apá tí ìmọ́lẹ̀ fẹnu kàn ti dúdú, ó sì ń rún. Apá tó ká sínú ṣì funfun, àwọn hóró wẹ́wẹ́ bí ṣúgà lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tó jáde sí àgbàlá, ó dúró gbọin. Ibi tó ti gbé pákó kúrò, níbi tí ilẹ̀ ti mọ́ lẹ́ẹ̀kan, ti ń dúdú. Kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí omi tó dà sí i. Oòrùn nìkan ló ti débẹ̀.

*

Ó kọ́kọ́ ya ọjà. Kò tíì dé ìsọ̀ baba oníkáfúrà tí imú rẹ̀ ti mọ ibẹ̀. Àwọn ìdílé mẹ́ta ló ra tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, ọwọ́ awẹ̀kú kankan ò dúdú.

"Mùjàhídì ńkọ́?"

"Èwo? Ọkọ ọmọ Hùdá? Kò débí o. Ó dùn mí gan-an ni, torí mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó ti rà á."

Láti ibẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní sẹ́mí, lọ sí Albarika, sí ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń yẹ omi kànga wò bóyá ó ṣeé mu. Ìrètíolúwa, ọmọ Ìdàáṣà, ló ni ibẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan bébà, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó sì fi gíláàsì bo ojú. Ó wo bébà náà díẹ̀, ó sì gbé e jìnnà sí ara rẹ̀.

"Ta ló di èyí sínú bébà? Bébà àti aṣọ kò gbọdọ̀ bá a gbélé. Ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbiná."

"Kí ni?"

Ìrètíolúwa ṣí kọ́ńbọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó mú ìgò kan jáde tó pọ́n bí ìgò bíà. "Nitrate d'argent ni wọ́n kọ sí i lára. Iyọ̀ fàdákà ni èmi ń pè é. Láyé àtijọ́, òun ni wọ́n fi ń ya fọ́tò, òun ni wọ́n fi ń ṣe dígí, àwọn dókítà sì fi ń jó kókó ara. Èmi fi ń wá iyọ̀ nínú omi."

Ó bu omi kànga sínú ife, ó kán ẹ̀kán méjì láti inú ìgò kékeré kan sí i. Omi tó mọ́ gara ṣú funfun lójijì.

"Bí omi ògì," ni Dúródọlá wí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Iyọ̀ inú omi ló dì mọ́ fàdákà. Tí mo bá gbé e sóòrùn báyìí, yóò dúdú."

"Awọ ara ńkọ́?"

"Ìdí tí mo fi ń wọ ìbọ̀wọ́ nìyẹn. Bó bá ta sí ọ lára, o ò ní rí nǹkan kan. Omi púpọ̀ ni kí o fi ṣan án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá a. Bí oòrùn bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè ṣí i. Yóò dúró títí awọ náà yóò fi bọ́, bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá sì nípọn, ó máa ń jóni, ó sì lè ba ojú jẹ́."

Dúródọlá mí kanlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì. Arúgbó yẹn ti rò pé títí ayé ni.

Ìrètíolúwa gbé ìgò ńlá náà sókè, ó mì í wò, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Èyí ti dín. Èmi kọ́ ni mo lò ó. Ẹ jẹ́ n pe olùrànlọ́wọ́ mi, ó mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ... Háà, kò sí níṣẹ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló kú, mo ní kó lọ sinmi."

"Mùjàhídì," ni Dúródọlá wí.

Obìnrin náà gbé ìgò kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìbọ̀wọ́ dì í mú," ó wí, ó sì jókòó.

*

Lọ́nà, Dúródọlá ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Ó lè jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lójijì lè fa bébà tí kì í ṣe tirẹ̀ yọ nínú àpò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń fi nǹkan yìí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kò lè wo ọwọ́ Àràmọ́tù kó má mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kí ló dé tó fi dákẹ́?

Ó padà sọ́dọ̀ Ìkírámátù. "Ta ló kọ́kọ́ rí ọwọ́ Màámà?"

"Ọkọ mi. Ó gbé ẹní wọn kúrò lábẹ́ ibòji lọ sí àárín àgbàlá, ó ní àlejò ń pọ̀. Kò pẹ́ ló figbe ta."

"Sínú oòrùn."

"Sínú oòrùn." Ìborùn yọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó sì ti ń pọ́n. Ó rí i pé Dúródọlá ti rí i, kò sì bò ó mọ́. "Ìyá mi rí i lọ́jọ́rú pé ọkọ mi lù mí. Ó ní bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, òun yóò pe àwọn àgbà, wọn yóò tú wa ká, ọkọ mi yóò sì kó jáde nílé òun. Kò rí Jímọ̀ ọ̀hún."

*

Abẹ́ igi dóńgóyárò iwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n jókòó sí. Àlùfáà Tìjáànì, àgbà tó dàgbà jù níbẹ̀, wà láàárín. Wọ́n fi Àràmọ́tù jókòó ní òun nìkan, ẹní tó fẹ̀ tó yàrá sì ṣófo yí i ká. Mùjàhídì wà níwájú nínú aṣọ funfun. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Dúródọlá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bu omi kànga àdúgbò náà sínú ife, ó kán ẹ̀kán díẹ̀ láti inú ìgò tí Ìrètíolúwa yá a, omi náà sì funfun. Ó gbé e sóòrùn. Ó wá sọ ohun tí oníkáfúrà wí, ó sì fi bébà hàn wọ́n. Nígbà tó fi sọ̀rọ̀ tán, ohun tó rọ̀ sídìí ife ti di àwọ̀ eérú, ó sì ń ṣú sí i lójú gbogbo wọn. Ẹnì kan ń pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́yìn.

"Ìyẹn ló wà lọ́wọ́ Màámà," ni Dúródọlá wí. "Kì í ṣe òkú."

Mùjàhídì ti dìde. "Àṣìṣe ni," ó wí, omi wà lójú rẹ̀. "Àpò kan náà ni mo kó méjèèjì sí. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Màámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì láàárín àwọn àgbà. Wọ́n fẹ́ foríjì í. Dúródọlá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ yọ́ lọ́wọ́ òun.

"Oníkáfúrà ní o kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ òun," ó wí. "Méjì wo lo kó sápò? O sì gbé ẹní rẹ̀ sóòrùn, o ké sí gbogbo ayé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n sọ òkúta lé ilé rẹ̀ lórí, o dákẹ́. Mo ń bi ara mi, kí ni ọkùnrin yìí ń wá lára arúgbó tí kò bá a jà? Ó wá yé mi pé kò wá nǹkan kan lára ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ń bẹ̀rù. Àwa tó kù, aṣọ funfun la rí. Awẹ̀kú nìkan ló rí ara Àlájà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti di ọwọ́ apànìyàn, ta ni yóò gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́?"

Dúródọlá yíjú sí arúgbó náà. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ṣófo: bí ẹlẹ́rìí kan ò bá sọ̀rọ̀, porokuréè, agbẹjọ́rò ìjọba, kò ní jẹ́ kí wọ́n hú sàréè Àlájà Hùdá láéláé.

"Màámà, kí lẹ rí?"

Àràmọ́tù mi orí. "Mo ti ṣèlérí fún ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́."

Àlùfáà Tìjáànì wúkọ́. "Àràmọ́tù, àbùkù òkú la ní kí ẹ bò. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ẹ bo ẹ̀ṣẹ̀ alààyè."

Arúgbó náà rọra dìde. Kò la ẹnu. Ó gbé ọwọ́ dúdú méjèèjì sókè, àwọn tó sún mọ́ ọn sì fà sẹ́yìn. Ó fi wọ́n yí ọrùn ara rẹ̀ ká, àtàǹpàkò méjèèjì pàdé ní ọ̀nà ọ̀fun. Ó sún ọ̀kan díẹ̀ sí apá òsì, bí ẹni tó ń rántí ibi tí ó wà gẹ́lẹ́. Ó wá fi wọ́n síbẹ̀.

Ìkírámátù ké tòò. Mùjàhídì yípadà láti lọ, àwọn ọlọ́pàá méjì sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Àràmọ́tù pè é. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Ṣé ẹnu mi lo bẹ̀rù? Ká ní o fi ọwọ́ mi sílẹ̀ ni, mo ti sin ohun tí mo rí mọ́ Àlájà."